Ẹ Má Fi Ohùn Ẹ́ńjìnnì Ra Ẹ̀rọ Ìgékoríko

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìpín, ṣùgbọ́n owó yín wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko ni, irú èyí tí ènìyàn ń jókòó lé lórí wà bíi mọ́tò, tí àwọn kan ń pè ní tírákítọ̀ kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé tí ó kọjá ti mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò wá, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2023, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń fi ẹ̀rọ àgbékọ́rùn gé koríko káàkiri Abẹ́òkúta, wá bá ìgbìmọ̀ pé òun ti rí iṣẹ́ ńlá gbà. Pápá ilé ìwé méjì àti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, wọn yóò sì máa sanwó fún un lóṣooṣù. Ẹ̀rọ àgbékọ́rùn kò ká iṣẹ́ náà mọ́. Ó fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ajókòó-lé, tòkunbọ̀, kí ó sì san án padà láàárín oṣù méjìdínlógún. Ìwé rẹ̀ pé. Kò tíì jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè rí. Onídùúró méjì fọwọ́ sí i, ọ̀kan nínú wọn sì ni ìyá wa kan tí ń ta ata àti tòmátì, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí kí àwa tó di akọ̀wé.

Kì í ṣe pé ó dá lọ ra ẹ̀rọ náà o. Àwa méjì láti inú ìgbìmọ̀ bá a dé ọgbà oníṣòwò tòkunbọ̀ kan ní Èkó. Ẹ̀rọ náà dára ní wíwò. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà, àga rẹ̀ kò ya. Oníṣòwò yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn, kò wúkọ́, kò ṣe èéfín. Ó wà á lọ sí iwájú, ó wà á bọ̀ sí ẹ̀yìn lórí kọnkéré títẹ́jú, bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwa náà mi orí. Ẹnì kejì wa tilẹ̀ sọ pé ohùn ẹ́ńjìnnì yìí, tí ènìyàn bá di ojú, á rò pé tuntun ni. A san owó, a sì gbé e wá sílé nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ẹjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àrà. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí ní Abẹ́òkúta yìí, kò sí pápá tí kò ní òkè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní òwúrọ̀, ara ẹ̀rọ á le, á máa gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn pápá bí ewúrẹ́. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó bí ogójì ìṣẹ́jú, tí ó bá tún kan òkè náà, á dúró. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, abẹ ìsàlẹ̀ á máa yí, ṣùgbọ́n táyà kò ní lọ. Bí wọ́n bá pa á, tí wọ́n lọ jẹun, tí ó tutù, á tún gun òkè. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, a tún padà sí ibi tí a wà.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní pọ́lọ́ọ̀gì ni. Èkejì ní kábúrétọ̀ ni, ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó gba owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní bẹ́líìtì ni, ọmọkùnrin yìí sì ra bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọn yóò fi tú gíábọ́ọ̀sì wò, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti dúdú bí omi aró, irin wẹ́wẹ́ sì ń dán nínú rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, koríko kò dúró de ẹnikẹ́ni, òjò ń rọ̀. Ilé ìwé kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Kò lè san owó oṣù kẹjọ, kò lè san ti oṣù kẹsàn-án.

Oṣù kẹsàn-án náà ni ìyá wa aláta wá gba owó àfipamọ́ rẹ̀, kí ó fi san owó ilé ìwé ọmọ. Akápò sọ fún un pé òfin ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan owó onídùúró nígbà tí ẹni tí ó dúró fún kò tíì san. Ìyá náà kò pariwo. Ó dìde ní ìpàdé, ó ní: “Mo dúró fún ọmọ yìí nítorí pé mo mọ ìyá rẹ̀. Èmi ò mọ gíá. Ẹ̀yin tí ẹ lọ wo ẹ̀rọ, kí ni ẹ wò?”

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdáhùn. Ẹ́ńjìnnì ni a wò. Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n, tí a sì ń ka ìwé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ohun tí a rí kọ́ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì wà lápá kan, ọlọ wà lápá kejì, bẹ́líìtì ni ó so wọ́n pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún tí ọlọ kò yí, ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì. Bákan náà ni ẹ̀rọ ìgékoríko. Ẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, gíábọ́ọ̀sì ni ó ń gbé agbára náà dé táyà. Ẹ́ńjìnnì lè dára bí orin kí gíábọ́ọ̀sì ti kú. Ẹ́ńjìnnì tún ṣe é tún ṣe, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n pọ̀. Gíábọ́ọ̀sì ẹ̀rọ wọ̀nyí yàtọ̀. Òun ni ẹ̀yà tí ó wọ́n, òun ni ó sì ṣòro láti rí ẹni tí yóò tú u kí ó dà á pọ̀ kí ó tún ṣiṣẹ́.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú ẹ̀rọ yìí ti di ohun gbogbo ilé. Ní ọdún 1961 ni International Harvester gbé Cub Cadet jáde, ní ọdún 1963 ni John Deere gbé 110 jáde láti ìlú Horicon ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Agbára ẹṣin 7 péré ni èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Gíá ọlọ́wọ́ ni wọ́n ní, gẹ́gẹ́ bí ti mọ́tò: ènìyàn á tẹ kíláàṣì, á yí gíá. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1960 lọ sókè ni gíábọ́ọ̀sì olóìlì, tí wọ́n ń pè ní hydrostatic, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú wọn. John Deere 140 ti ọdún 1968 ní i. Inú àwọn oníbàárà dùn sí i nítorí pé kò sí wàhálà kíláàṣì mọ́. Lónìí, òun ni ó wà lára púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ń wọlé. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní ọ́tò, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọ́tò tí ó wà nínú mọ́tò rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ta ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún? Onílé kan tí ó ní koríko níwájú àti lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni. Ọjọ́ Sátidé, á gun un, á gé koríko fún wákàtí kan, á gbé e padà sí abẹ́ òrùlé. Nígbà tí òtútù bá dé, koríko kò hù mọ́, ẹ̀rọ á sùn títí òtútù yóò fi lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó lò ó fún ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ lọ́dún, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n wákàtí nìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ń lo tirẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ohun tí ẹni yẹn lò ní ọdún kan ni tiwa lò ní ọ̀sẹ̀ kan! Owó tí a sì yá a, oṣù méjìdínlógún ni a fún un láti san án. A kò ronú bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń fọwọ́ sí ìwé, a kò sì lè sọ pé ẹnì kan ni ó tàn wá jẹ. Oníṣòwò kò sọ pé ẹ̀rọ náà yóò ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àwa kò béèrè.

Àwọn tí ó ń ṣe é pàápàá pín in sí oríṣìí. Èyí tí wọ́n kọ lawn tractor sí, ti koríko nìkan ni. Kì í ṣe fún fífa ẹrù wíwúwo tàbí fún títu ilẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ garden tractor sí, egungun rẹ̀ nípọn jù, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì tóbi jù, ó lè fa ohun èlò tí ń wọ inú ilẹ̀. Bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ọgbà oníṣòwò, ẹni tí kò mọ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ wọn, àwọ̀ kan náà ni wọ́n lè kùn wọ́n.

Àwọ̀ gan-an ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnì kan á ní aláwọ̀ ewé ni òun fẹ́, ẹlòmíràn á ní alọ́sàn ni ó dára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì fúnra wọn. Wọ́n ń rà á ni lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju ìyẹn lọ, bíi Tuff Torq ní ìlú Morristown ní Tennessee, àti Hydro-Gear ní ìlú Sullivan ní Illinois. Gíábọ́ọ̀sì kan náà lè wà lábẹ́ ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ kan náà sì ń ṣe kékeré, ó ń ṣe ńlá. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye, ẹ tẹ̀ ba, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo abẹ́ àga láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ ó rí àlẹ̀mọ́ tàbí pátákó irin kékeré kan lára gíábọ́ọ̀sì, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà náà ni yóò sọ bóyá ti Sátidé ni tàbí ti iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá yé kò ní ra bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́líìtì láti ara ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù kan nínú gíábọ́ọ̀sì. Pọ́ǹpù náà ní àwọn písítọ́ọ̀nù kéékèèké tí orí wọn fara ti àwo irin kan. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, àwo náà á dagun. Bí ó bá ṣe dagun tó ni písítọ́ọ̀nù yóò ṣe ti ọ́ìlì tó. Ọ́ìlì náà á lọ bá ìkejì pọ́ǹpù yìí nínú àpótí kan náà, á yí i, ìyẹn á yí gíà, gíà á yí táyà. Bí àwo bá dúró gbọnrangandan, tí kò dagun sí ibì kan, ọ́ìlì kò lọ, ẹ̀rọ á dúró. Bí ó bá dagun sí apá kejì, ọ́ìlì á gba ọ̀nà kejì, ẹ̀rọ á fi ẹ̀yìn rìn. Ọ́ìlì ni ó ń ti táyà. Láàárín pọ́ǹpù àti ìkejì rẹ̀, ọ́ìlì ni ó ń gbé agbára, kì í ṣe irin.

Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn irin náà kéré gidigidi, ọ́ìlì ni ó ń dí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo pupa mọ ohun tí ó kù ju wá lọ. Lásìkò ọyẹ́, epo á dì nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó máa lu ìdí kẹ́ẹ̀gì kí ó tó jáde. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú oòrùn, epo á máa ṣàn bí omi, ihò tí kò lè gbà tẹ́lẹ̀ á gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì. Bí ó bá tutù, ó nípọn, ó ń ti ẹrù. Bí ó bá gbóná, ó fẹ́lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sá gba inú àlàfo padà dípò kí ó ti ohun tí ó yẹ kí ó tì. Nínú gíábọ́ọ̀sì tuntun, àlàfo kò tó nǹkan, ẹ kò ní mọ̀. Nínú èyí tí ó ti jẹ, àlàfo ti fẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ń gun òkè ní òwúrọ̀ tí kì í gun un lọ́sàn-án.

Kí ni ń fẹ àlàfo náà? Ooru ni, àti irin wẹ́wẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn kékeré, gíà àti pọ́ǹpù jọ wà nínú ọ́ìlì kan náà ni. Bí gíà ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun irin rẹ̀ ń bọ́ sínú ọ́ìlì, ó sì ń ha ojú pọ́ǹpù. Àwọn tí ó ṣe é fi fáànù oníke kan sí orí rẹ̀ láti máa fẹ́ ẹ. Ti ẹ̀rọ wa yìí, abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ti kán lára fáànù náà kí a tó rà á, koríko gbígbẹ sì ti bo orí gíábọ́ọ̀sì bí ìtẹ́ ẹyẹ. Lábẹ́ ibi tí a ń mi orí sí ni gbogbo rẹ̀ wà o, ẹ̀yin ará.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rà, kí ó ṣe báyìí. Kí ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Lára ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ọ̀pá irin kékeré kan wà tí a ń fà bí a bá fẹ́ fi ọwọ́ ti ẹ̀rọ lọ. Bí ẹ bá fà á, ọ̀nà ọ́ìlì á ṣí, táyà á sì yí fàlàlà. Bí ẹ bá dá a padà, ó yẹ kí ẹ̀rọ náà ṣòro láti tì, àní lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ẹ bá dá ọ̀pá náà padà tán tí ọmọ kékeré sì ń ti ẹ̀rọ náà lọ, ẹ bi oníṣòwò léèrè. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá náà há ni, ó sì lè jẹ́ pé inú ti jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo fáànù, ẹ wo bóyá ọ́ìlì ń jáde níbi tí ọ̀pá táyà ti yọ síta. Ẹ wo bẹ́líìtì náà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí kò gun òkè ni gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ bàjẹ́. Bẹ́líìtì tí ó ti ń dán, sípíríìnì tí ó ti dẹ̀, búréèkì tí ó há, gbogbo wọn a máa fara wé e. Kódà, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ó so táyà mọ́ ọ̀pá rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Bí ó bá bọ́, ọ̀pá á máa yí, táyà á dúró, ènìyàn á sì máa sunkún gíábọ́ọ̀sì lórí ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni pé ìwọ̀nyí kì í sábà dúró de ìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná. Àìsàn tí ó ń sàn nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù, tí ó ń padà nígbà tí ó bá gbóná, ẹ fura sí inú gíábọ́ọ̀sì.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ gun un. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sọ fún oníṣòwò pé ẹ fẹ́ wà á fún wákàtí kan, ẹ ó sì ra epo bẹntiróòlù náà. Bí ó bá kọ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ wá ibi tí ó ga. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbóná dáadáa, ẹ dúró láàárín òkè, kí ẹ tún gbéra láti ibẹ̀. Ẹ ṣe é níwájú, ẹ ṣe é lẹ́yìn. Kì í ṣe ariwo pé ó ń hu díẹ̀ ni kí ó bà yín lẹ́rù, gíábọ́ọ̀sì olóìlì a máa hu. Bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ sí i bí àkókò ṣe ń lọ ni kí ẹ sá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á ná, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré dáadáa nígbà iṣẹ́, nítorí òun ni ó ń yí pọ́ǹpù àti fáànù. Bí ẹ bá kan òkè, ẹ má tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó dà bíi pé títẹ̀ ẹ́ ni yóò fún un lágbára, ṣùgbọ́n òdìkejì ni. Bí ẹ bá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, àwo inú kò ní dagun púpọ̀, ẹ̀rọ á rọra lọ, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ sí i, bí ìgbà tí awakọ̀ bá fi gíá kìíní gun òkè. Ìwé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí sọ pé kí a má gun òkè tí ó ju dígírì 15 lọ. Ìyẹn ni pé, bí ẹ bá lọ síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí ilẹ̀ sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àdá tàbí ẹ̀rọ àgbékọ́rùn. Nítorí ìdojúdé ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá gíábọ́ọ̀sì pẹ̀lú sí. Ẹ gé òkè ní lílọ sókè àti bíbọ̀ sísàlẹ̀, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í fa yanrìn. A ti rí ẹni tí ó so tírélà kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, tí ó fi ń kó búlọ́ọ̀kù. Ẹ má sì so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò fà lọ sílé bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀. Lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá parí, tí ara rẹ̀ sì ti tutù, ẹ gbá koríko kúrò lórí gíábọ́ọ̀sì. Búrọ́ọ̀ṣì lásán ti tó.

Ní ti ọ́ìlì, àríyànjiyàn ń bẹ níbẹ̀. Àwọn kékeré kan kò ní ihò tí a ń gbà dà á nù rárá, àwọn tí ó ṣe é ní kò sí ohun tí a ń ṣe fún un. Fún onílé tí ń lò ó ní ọgbọ̀n wákàtí lọ́dún, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí ń fi í jẹun, àwa kò gbà á. Àwọn tí ó mọṣẹ́ máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọn á dojú rẹ̀ dé, wọn á da ọ́ìlì náà jáde láti ẹnu ibi tí wọ́n gbà rọ ọ́. Èyí tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀, inú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó. Òmíràn ń mu 10W-30, òmíràn 20W-50, òmíràn 5W-50 olówó ńlá. Kì í ṣe èyí tí ó ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù mẹkáníìkì ni kí ẹ bù sí i. Bí ẹ bá rọ ọ́ tán, afẹ́fẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ẹ̀yìn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dà síwájú àti sẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ tó dá ọ̀pá padà, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣe èyí, wọn á ní gíábọ́ọ̀sì ti kú, afẹ́fẹ́ lásán ni.

Ẹnì kan á ní, ṣé kí a máa ra gíá ọlọ́wọ́ ni? Bàbá wa kan nínú ẹgbẹ́, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní ọ̀kan. Àga rẹ̀ ti ya, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti sọnù, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń gun òkè ní òwúrọ̀, ó ń gun òkè lọ́sàn-án, nítorí pé irin ni ó ń ti irin níbẹ̀, ooru kì í sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n gíá ọlọ́wọ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó yẹ kí ẹ̀rọ dúró pátápátá kí a tó yí gíá. Ọmọ àbúrò Bàbá gun un lọ́jọ́ kan, ó ń yí gíá lórí ìrìn bí awakọ̀ dánfó, ẹyin gíà kán, ó sì ná Bàbá lówó. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa wà á, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ga, àwa lè gbà á níyànjú pé kí ó wá gíá ọlọ́wọ́. Ẹni tí yóò gbé e fún ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ di ti ẹni náà.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìgékoríko ajókòó-lé yóò mú nọ́ńbà ara gíábọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, yóò kọ wákàtí tí ó fẹ́ máa lò ó lọ́sẹ̀ àti bí ilẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, ọmọ ìgbìmọ̀ kan yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gun un fún wákàtí kan. Àwọn onídùúró lè bá wọn lọ bí wọ́n bá fẹ́. A kò ní fọwọ́ sí owó kankan lórí fídíò tí oníṣòwò fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ wa, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ni ó bá a lọ wo ẹ̀rọ, ìgbìmọ̀ gbà pé ẹ̀bi náà kan òun. A sún oṣù méjìdínlógún rẹ̀ di ọgbọ̀n oṣù. A tú owó ìyá wa aláta sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó sọ̀rọ̀, a sì bẹ̀ ẹ́ ní gbangba. Ọmọ rẹ̀ ti pàdánù ìdánwò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí owó náà tó jáde, èyí sì dùn wá. Ọmọkùnrin náà rí gíábọ́ọ̀sì mìíràn lára ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sí i fún wákàtí kan kí ó tó sanwó. Ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ni ó ń fi gé báyìí, ẹ̀rọ àgbékọ́rùn ni ó ń lò lórí òkè. Kò pa owó oṣù jẹ mọ́.

Gíábọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ náà wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ní títú sílẹ̀, pọ́ǹpù lọ́tọ̀, àwo lọ́tọ̀, fáànù rẹ̀ tí ó kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wo bí ojú irin ṣe há lè wá láàárín aago mẹ́sàn-án àti aago méjì, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ má wọ aṣọ funfun wá, ọ́ìlì rẹ̀ kì í fọ̀.